Bí a ṣe ń dá ẹgbẹ́ àtìlẹ́yìn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ dókítà jẹjẹrẹ, tí kò fi ní kú láàárín oṣù mẹ́ta

Iṣẹ́ kan wà tí à ń dáwọ́ lé léraléra tí kì í yọrí. A óò kó àwọn dókítà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìtọ́jú jẹjẹrẹ jọ, a óò ní a fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, a óò dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, àwọn ọ̀gá bíi mẹ́fà yóò sì gbà láti jẹ́ olùtọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkíni ló máa kún ibẹ̀. Ní oṣù kejì, àdúrà òwúrọ̀ àti ìkéde òkú ló máa kù. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, rẹ́sídẹ́ǹtì (dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́) tó dá wà ní wọ́ọ̀dù lóru pẹ̀lú aláìsàn tí kíndìnrín rẹ̀ ń dẹnu kọlẹ̀ kò ní rí ẹnì kan ṣoṣo bi léèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn àgbà iṣẹ́ rẹ̀ pé sínú fóònù rẹ̀.

Mo ti wà nínú méjì irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó kú. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ló pa wọ́n. Kò sí iṣẹ́ nínú wọn ni: kò sí ọjọ́ tí a dá, kò sí aláìsàn tí a jọ ń gbé yẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tí a lè nàka sí pé ọrùn rẹ̀ ni nǹkan wà. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn dókítà àgbà àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà tí wọ́n fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ kí ó sì dúró.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

- Ọ̀dọ́ dókítà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín wọn sí méjì.
- Olùtọ́nà tó wà nítòsí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára àwọn èèyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Bìrìtìkó tàbí Amẹ́ríkà.
- Akọ̀wé kan tí ẹgbẹ́ ń san owó dátà àti owó ìpè rẹ̀. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí ṣe àánú. Ẹni tí ń fi owó ara rẹ̀ pe èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yóò pè wọ́n títí tí owó rẹ̀ yóò fi tán.
- Àkáǹtì Zoom tí a sanwó fún, nítorí pé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dùn gan-an ló ti máa ń já.
- Ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ ó wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá ARCON tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán àti jẹjẹrẹ ní Nàìjíríà, tàbí ẹ̀ka yín nínú NMA, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Nàìjíríà, pẹ̀lú àṣẹ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan láti gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn tí a ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò jáde.
- Kàlẹ́ńdà ọdún kan gbáko, tí a ti kọ ọjọ́ ìpàdé méjìlá sí kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé.

Ìpele 1: Ẹ bi wọ́n léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ẹni tí ẹ ń pè ní ọ̀dọ́ dókítà. ESMO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ti Yúróòpù, ń lo ọjọ́ orí, ẹni tí kò bá ju ẹni 40 ọdún lọ ni ọ̀dọ́ lọ́dọ̀ wọn. Èmi kò rò pé ìyẹn bá wa mu, torí pé ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan nídìí wíwá àyè rẹ́sídẹ́ńsì lè jẹ́ ẹni ọdún 42 kó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa kẹmó, oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ. Iye ọdún tí ó ti lò nínú iṣẹ́ jẹjẹrẹ ni kí ẹ kà. Láti ọjọ́ tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi rẹ́sídẹ́ǹtì títí di ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ dára.

Lẹ́yìn náà, kí akọ̀wé pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, kí ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ní oṣù tó kọjá, ìgbà wo lo wo ọ̀tún wo òsì tó wù ọ́ kí ẹnì kan wà tí o lè pè?" Bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní gbangba, "A dúpẹ́, sà" ni ẹ máa gbọ́. Bí olórí ẹ̀ka rẹ̀ ló bá béèrè, ohun tí kò ní dá wàhálà sílẹ̀ ni yóò sọ. Ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n máa ń sọ òótọ́: ẹnì kan kò mọ bí a ṣe ń to ìṣirò ìwé ìwádìí tí yóò fi ṣe ìdánwò, ẹnì kan kò tíì rí linac, ẹ̀rọ tí a fi ń fún aláìsàn ní ìtànṣán, sójú rí nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ìkọ́ni ló ní ẹ̀rọ onítànṣán, ẹlòmíràn sì ń ronú láti fi iṣẹ́ jẹjẹrẹ sílẹ̀ pátápátá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ó yẹ kí ẹ ní ojú ewé kan tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan tó ṣe pàtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé "ó nílò ìtọ́sọ́nà" ni ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mẹ́ta, akọ̀wé kò tíì bi wọ́n ní nǹkan kan. Kí ó tún wọn pè.

Ìpele 2: Ẹ so àbúrò pọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n

Ẹni tí ń buwọ́ lu ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀dọ́ dókítà kò gbọdọ̀ jẹ́ olùtọ́nà rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́wọ́ ohun tí kò mọ̀ fún ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n méjì: ẹ̀gbọ́n nítòsí, tí ó fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́ tí ó sì wà ní ilé ìwòsàn mìíràn, àti ẹ̀gbọ́n lókèèrè. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé a máa ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù lọ fún iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n nítòsí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti gbàgbé ibi tí ìdánwò ti ń ta èèyàn. Ẹni tó yege lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn kò tíì gbàgbé.

Kí àwọn méjèèjì kọ ìwé àdéhùn ààbọ̀ ojú ewé. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ síbẹ̀ (ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀mejì lóṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti tó), ohun kan tí wọ́n fẹ́ kó yọrí kí oṣù mẹ́fà tó pé, àti ohun tí ẹ̀gbọ́n kò ní ṣe. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Kò ní bá a wá iṣẹ́, kò ní yá a lówó, kò sì ní fi orúkọ ara rẹ̀ sórí ìwé ìwádìí tí kò bá a ṣe.

Ìkìlọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ní ìpele yìí nìyí: *ẹ̀gbọ́n ni kó máa pe àbúrò.* Bí àbúrò bá pe ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan tí kò gbé e, kò ní tún un pè; yóò kà á sí àfojúdi láti máa yọ àgbà lẹ́nu, yóò sì dúró. Ọ̀gá náà, ní tirẹ̀, yóò máa rò pé bí ọmọ náà bá nílò òun, yóò wá. Báyìí ni ọdún kan ṣe ń kọjá láàárín èèyàn méjì tí kò sí ìjà láàárín wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, orí ẹ̀gbọ́n ni ìpè wà.

Ní ìparí oṣù kẹta, kí akọ̀wé bi àwọn méjèèjì léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bóyá kí wọ́n máa bá a lọ. Bí ọ̀kan bá ní rárá, a ó yí i padà láìbéèrè ìdí, a ò sì ní jẹ́ kó di ẹjọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí ìpè àkọ́kọ́ kò bá tíì wáyé láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ má dúró de oṣù kẹta. Ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìpele 3: Ìpàdé aláìsàn lóṣooṣù

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti ń yè tàbí kú. Bí ẹ kò bá lè ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ ṣe èyí.

Ẹ mú ọjọ́ kan tí kò ní yí padà, bíi Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Nàìjíríà kì í yí aago padà ṣùgbọ́n Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ń yí tiwọn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó jẹ́ aago márùn-ún ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì jẹ́ mẹ́rin nígbà òtútù. Ní Houston, ó jẹ́ mọ́kànlá òwúrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mẹ́wàá nígbà òtútù. Ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà pẹ̀lú aago Èkó, kí àwọn tó wà lókèèrè ṣe ìṣirò tiwọn, torí pé ọ̀pọ̀ olùtọ́nà ni a ti pàdánù ní oṣù Kọkànlá nítorí wákàtí kan péré.

Aláìsàn méjì ni kí ẹ gbé yẹ̀ wò ní wákàtí kan, ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ dókítà ni yóò gbé e kalẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kà, kí ó tó sọ ìtàn. Lẹ́yìn ìbéèrè ni ọjọ́ orí àti bí ara aláìsàn ṣe lágbára tó, lẹ́yìn náà àbọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara, ìpele tí àìsàn dé, ohun tí a ti ṣe, àti ohun tí apá aláìsàn ká. Má fi ohun tí apá rẹ̀ ká sílẹ̀ o, àbúrò mi tó ń ka èyí, nítorí pé ìmọ̀ràn tó dá lórí oògùn tí ẹnikẹ́ni kò lè rà kì í ṣe ìmọ̀ràn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Obìnrin ẹni ọdún 52 kan ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Kíndìnrín rẹ̀ kan ti wú nítorí pé àìsàn náà dí ọ̀nà ìtọ̀, èyí tó gbé e dé ìpele IIIB lábẹ́ ìlànà ọdún 2018 tí FIGO, àjọ àgbáyé àwọn dókítà àìsàn obìnrin, fi ń pín ìpele. Ìtọ́jú tí a mọ̀ ni ìtànṣán láti ìta pẹ̀lú cisplatin (kẹmó kan tó lè pa kíndìnrín lára) 40 mg/m² lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì fi brachytherapy (ìtànṣán láti inú ara) parí rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Ẹ̀rọ wá dúró ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ìbéèrè tí kò dára: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ rí sí i?" Àwọn àgbà yóò sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú lórí rẹ̀, ọmọ náà kò sì ní mọ ohun tí yóò ṣe lọ́la.

Ìbéèrè tó dára: "A ti pàdánù ọjọ́ ìtọ́jú mẹ́fà. Ṣé kí a máa ṣe é lópin ọ̀sẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá padà, ṣé kí a ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, tàbí kí a gbé e lọ sí ibòmíràn lọ́la? Ṣé cisplatin ṣì bójú mu pẹ̀lú bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà yìí?"

Kí olùgbékalẹ̀ ti ka ohun tí ìlànà NCCN, àgbájọ àwọn ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Amẹ́ríkà, tí a ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà gúúsù Sàhárà sọ nípa irú àìsàn náà kí ó tó wá. Ìlànà yẹn fi ohun tó ṣe kókó hàn yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ ti ibi tí owó wà, ó sì ń gba àkókò là, torí pé ìpàdé kò ní máa fi wákàtí sọ ohun tó ti wà nínú ìwé. Kí ó fi àwọn ojú ewé ìgbékalẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò dára lè máa fi etí nìkan tẹ̀ lé e.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, orúkọ aláìsàn. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó. Nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ọjọ́ ìbí, àti ojú gbọ́dọ̀ kúrò. Igun fíìmù CT sábà máa ń ní orúkọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ bò ó. Bí ẹ bá sì sọ pé "Ìyá Ìbejì kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú," gbogbo Abẹ́òkúta ti mọ ẹni tí ẹ ń sọ. WhatsApp a máa fi àwòrán pamọ́ sórí fóònù fúnra rẹ̀, níbi tí ọmọ ilé ti lè ṣí i wò, nítorí náà ẹ má fi àwòrán aláìsàn ránṣẹ́ gba ibẹ̀. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi.

Ìkejì, ẹnu àgbà. Nínú ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó kú tí mo sọ, ọ̀gá kan bi olùgbékalẹ̀ léèrè lójú gbogbo èèyàn pé, "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Ọmọbìnrin náà kò padà wá mọ́, àwọn méjì tó kàn láti gbé tiwọn kalẹ̀ sì rí ìdí tí wọn kò fi ní ráyè. Òfin tó wo èyí sàn ni pé ẹni tó kéré jù nípò ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, olóyè tó ga jù ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó le fún àwọn àgbà ní ìpàdé méjì àkọ́kọ́. Ó máa ń mọ́ wọn lára.

Ìkẹta, ẹni tó ni aláìsàn. Ìmọ̀ràn ni ìpàdé ń mú wá, kì í ṣe àṣẹ. Dókítà àgbà tí aláìsàn wà lábẹ́ rẹ̀ ló ni ìpinnu, ó sì yẹ kí ó mọ̀ pé a óò gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kí a tó gbé e. Bí a bá fo èyí, rẹ́sídẹ́ǹtì ni yóò jẹ ìyà rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìpàdé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún lórí àwọn aláìsàn oṣù tó kọjá: kí ni wọ́n ṣe, báwo ni ó ṣe rí? Bí kò bá sí ẹni tó mú èsì wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ìpàdé yín ti di ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lásán. Ẹ dín àwọn olùgbọ́ kù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan àwọn aláìsàn tí ìpinnu wọn ṣì wà níwájú.

Ìpele 4: Ẹ ti wọ́n wọ inú àwọn ẹgbẹ́ ńlá

Àwọn ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ kò kéré. AORTIC ni ẹgbẹ́ jẹjẹrẹ ti Áfíríkà, tí ń ṣe àpérò ńlá rẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Ó ti ṣe é ní Kigali ní 2017, ní Maputo ní 2019, àti ní Dakar ní 2023. ASCO, ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ ti Amẹ́ríkà, ní ẹ̀bùn IDEA, tí ó ń mú ọ̀dọ́ dókítà láti orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ wá sí àpérò ọdọọdún rẹ̀, tí ó sì ń so ó pọ̀ mọ́ olùtọ́nà kan. UICC, àjọ àgbáyé tí ń gbógun ti jẹjẹrẹ, ní ìrànwọ́ fún ìbẹ̀wò ẹ̀kọ́ ránpẹ́ sí ilé ìwòsàn mìíràn. AFRONET, tí IAEA, àjọ àgbáyé fún agbára átọ́míìkì, gbé kalẹ̀, ń kó àwọn dókítà onítànṣán Áfíríkà jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti jọ gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn yẹ̀ wò.

Àṣìṣe wa ni pé a máa ń da gbogbo ìkéde wọ̀nyí sórí WhatsApp pẹ̀lú "ẹ wo èyí o." Kò sí ẹni tí yóò wò ó. Ẹ yan ilẹ̀kùn *kan* fún ẹnì *kan*, kí ẹ wo gbèdéke rẹ̀ lórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà gan-an, kí ẹ sì ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn láti ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ wà fún pàsípọ́ọ̀tù àti ìwé ẹ̀rí. Ẹ rí i pé orúkọ inú pàsípọ́ọ̀tù bá ti ìwé ẹ̀rí mu, torí pé orúkọ ìgbéyàwó ti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ àwọn dókítà obìnrin. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e wà fún àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Mẹ́rin tó tún tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n lókèèrè yóò fi kà á. Mẹ́rin tó kù ni ti lẹ́tà ìjẹ́rìí.

Lórí lẹ́tà yìí, mo ní ohun kan sọ. "Kọ ọ́ wá kí n fọwọ́ sí i" ti di àṣà láàárín àwa àgbà, ó sì ń ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi. Èèyàn kì í mọ bí a ṣe ń yin ara ẹni. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ máa ń jọ fọ́ọ̀mù ni. Kí àbúrò kọ òtítọ́ mẹ́fà wá: iye oṣù tí ẹ fi ṣiṣẹ́ pọ̀, iṣẹ́ tó ṣe, ìṣòro kan tó yanjú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àgbà jókòó kọ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.

Bí iṣẹ́ ìwádìí bá wà nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìlànà ìwádìí ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i *kí* a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó dátà. Kò sí ọ̀nà tí a lè gbà tọrọ àṣẹ náà padà sẹ́yìn. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú nípa ímeèlì adùn-bí-oyin tó ń pe rẹ́sídẹ́ǹtì ọdún kìíní ní ọ̀mọ̀wé olókìkí, tí ó ń ṣèlérí láti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí ó bá ti lè sanwó. Ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò jẹ owó náà, àbùkù rẹ̀ yóò sì dúró lórí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọmọ náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti fi ìwé ìbéèrè kan sílẹ̀ kí gbèdéke tó pé. Fífi sílẹ̀ ni kí ẹ kà. Bóyá wọ́n mú un tàbí wọn kò mú un kò sí lọ́wọ́ yín.

Ìpele 5: Ẹrù tí kò sí nínú ìwé

Àwọn dókítà wọ̀nyí ń rí ikú ju bí ọjọ́ orí wọn ṣe yẹ kó rí i lọ. Wọ́n ń rí ìyá tí kò padà wá fún kẹmó kejì nítorí owó. Ẹbí ń dì wọ́n mú ní ẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ẹ má jẹ́ kó gbọ́." Ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ìlànà SPIKES sọ ìròyìn burúkú, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n ẹ fi èdè Yorùbá dánra wò pẹ̀lú ẹnì kan tó ń ṣe bíi àkọ́bí ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ìyá òun mọ̀. Ìgbésẹ̀ tó ń béèrè bí aláìsàn ṣe fẹ́ mọ̀ tó ni ẹ dúró lé lórí. "Mà, ṣé ẹ̀yin ni kí n máa bá sọ ọ́, àbí ẹnì kan wà tí ẹ fẹ́ kó jókòó tì yín?" Ìbéèrè kékeré yẹn ti yọ ọ̀pọ̀ nínú ìjà ẹbí.

Yàtọ̀ sí èyí, kí wọ́n ní agbo kékeré, èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láìsí ọ̀gá, láìsí àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ níbẹ̀ pé òun fẹ́ japa, ẹ má wàásù fún un. Ẹni tó lọ pẹ̀lú ìbùkún yín ni ẹ̀gbọ́n lókèèrè yín fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀.

Kí akọ̀wé ti ní nọ́ńbà dókítà ọpọlọ kan tí kò sí ní ilé ìwòsàn ẹnikẹ́ni nínú wọn, tó sì ti gbà tẹ́lẹ̀ láti gbé ìpè. Bí ẹnì kan bá sọ pé ayé sú òun tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun lára, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pè é, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú onítọ̀hún títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ má ka iye àwọn tó wá. Ní oṣù kẹfà, ẹ tún ìbéèrè ìpele kìíní bi wọ́n. Bí ìdáhùn bá ti yí padà láti "kò sí ẹnì kankan" sí orúkọ èèyàn kan, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 6: Ìfà-léni-lọ́wọ́

Ní oṣù kẹwàá, ẹ yan akọ̀wé tuntun láàárín àwọn ọ̀dọ́ náà, kí ó bá ti tẹ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì. Kàlẹ́ńdà, ìwé àdéhùn, orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó wà lókèèrè, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ímeèlì tí ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹgbẹ́ kejì tí mo wà nínú rẹ̀ kú ní ọjọ́ tí akọ̀wé rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà Zoom lórí rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ jókòó, kí akọ̀wé tuntun wọlé sínú àkáǹtì náà lójú yín láti orí fóònù tirẹ̀, kí ó sì fi ìpè ìpàdé tó kàn ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn kí ẹ tó dìde.